Èèpo Àgbálùmọ̀ Lápá Àlàájà Àsíátù

Ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: ẹ̀jẹ̀ tèmi náà dé apá Àlàájà Àsíátù rí. Ó débẹ̀, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀, kò wú, kò yún ìyá náà rárá. Ẹ̀jẹ̀ Bùsírátù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló fọhùn. Tèmi kàn ń wò ni, bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ilé. Ìyàwó mi ṣì ń fi í ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí dòní.

Ọdún 1981 ni, ìparí oṣù kejì. Ọ̀yẹ́ ń palẹ̀ mọ́ ní Abẹ́òkúta, eruku nìkan ló fi sílẹ̀ fún wa, àgbálùmọ̀ sì pọ̀ nígboro bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Èmi, Túbọ̀sún, ni akọ̀wé yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn kan níbẹ̀. Iṣẹ́ mi ò ju kí n kọ orúkọ sára ìgò, kí n kọ èsì sínú ìwé, kí n sì rí i pé bátìrì rédíò tó wà lórí pẹpẹ ò kú kí ìròyìn aago kan tó dé.

Ọ̀gá mi ni Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Olúbọ̀dé. Bí ẹ bá pè é ní dókítà, á ní, "Èmi kì í ṣe dókítà. Dókítà ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni èmi ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í purọ́." Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ìjọ, síbí àti ọ̀bẹ ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí èmi àti ẹ ń bó jẹ lójú ọ̀nà, ọ̀gá mi á gbé e sínú àwo, á gé e sí wẹ́wẹ́, á wá fi fọ́ọ̀kì gún un. Ẹ rántí síbí àti ọ̀bẹ yẹn o. Wọ́n ń bọ̀ wá kó bá wa.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, obìnrin kan ti ilẹ̀kùn wa wọlé láìkàn án. Ó ga, ó dúdú, ó fi ìborùn funfun bo orí, ó sì di ìwé kan mú bí ẹni di ẹja tó ti ń rùn mú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Láwàlì, tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Pápáláńtò, tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Eruku sìmẹ́ńtì ṣì wà létí Láwàlì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni obìnrin náà wí. "Wọ́n ní ẹnì kan wà níbí tó ń bá ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Èmi nìyẹn, mà. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ẹni tí wọ́n ń pè ní apànìyàn kì í jókòó nílé onílé." Ó wo àga. Ó jókòó. "Àlàájà Àsíátù lorúkọ mi, alábọ́ tánganran, ní Kémta. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta abọ́. Kò sí ẹni tó jẹun nínú abọ́ mi tó kú rí. Ìwé yín yìí ló wá sọ mí di olóró."

Ọ̀gá mi gba ìwé náà. Àlàájà wá ro ẹjọ́.

Oṣù méje ni Láwàlì ti fẹ́ Bùsírátù. Ọmọ gidi ni, ó ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ, ó sì máa ń lọ jókòó ní yàrá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á jọ jẹ àgbálùmọ̀ láti orí igi tó wà lẹ́yìnkùlé. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà, ó jẹun tán lọ́jọ́ kan, ètè rẹ̀ wú bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú epo. Wọ́n ní kòkòrò ló bù ú jẹ. Ní oṣù Jánúárì, ó tún jẹun níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ dí, ara rẹ̀ lé ròrò, ọ̀fun rẹ̀ ń pa dé, èémí rẹ̀ ń dún bí fèrè. Láwàlì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn dé ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló dá a padà.

Dókítà fura sí oúnjẹ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Èsì ti dé báyìí. Mo yọjú wò ó láti ẹ̀yìn ọ̀gá mi. Ọsàn, òdo. Ápù, òdo. Ẹyin, òdo. Mílíìkì, òdo. Ẹ̀pà, òdo. Òdo tò sílẹ̀ gbọọrọ.

"Àna mi, Àlàájì Sàlàhúdíìnì, bàbá Bùsírátù, gbé ìwé yìí sókè lójú gbogbo ẹbí," ni Àlàájà wí. "Ó ní, 'Òyìnbó ti ní kì í ṣe oúnjẹ. Bí kì í bá ṣe oúnjẹ, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi sínú oúnjẹ ni.' Ó ti kó ọmọ rẹ̀ padà sí Ìjemọ̀. Ó ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ yìí, níwájú lèmọ́mù, òun á tú yìgì yìí ká. Gbogbo ayé á mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gá, tí wọ́n bá tú yìgì yẹn, èmi ò ní rí abọ́ tà mọ́ o. Ta ló máa ra abọ́ lọ́wọ́ olóró?"

Ọ̀gá mi fa ìwé náà mọ́ra. Ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lójú ìwé, ó tọ̀ ọ́ débi tó parí, ó tún padà sókè.

"Àgbálùmọ̀ dà?" ló bi wá.

"Ọ̀gá," ni mo wí, "níbo ni òyìnbó ti máa rí àgbálùmọ̀?"

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn! Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, wọ́n wá ń bi í léèrè àwọn tí kò bá pàdé rí. Ṣé o mọ ápù? Rárá. Ṣé o mọ mílíìkì màlúù wa? Rárá. Ẹni tó mọ̀ ńkọ́? Wọn ò dárúkọ ẹ̀!"

Láwàlì fọwọ́ pa orí. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Bàbá Bùsírátù ní láti kékeré ló ti ń jẹ àgbálùmọ̀ nílé àwọn, kò ṣe é ní nǹkankan rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọ̀gá mi. Mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó gbé ìgò kékeré kan láti inú fìríìjì, ó gbé e sókè síhà fèrèsé. Omi ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tó máa ń dúró lókè nígbà tí ẹ̀rọ bá yí ẹ̀jẹ̀ tí pupa rẹ̀ sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí oyin tí oòrùn ń wò.

"Àlàájà, ẹ wo ibí. Nínú irú omi yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà. Wọ́n kéré débi pé awò wa ò lè rí wọn. Ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan, ojú ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀. Bí ara èèyàn bá ti ka èso kan sí ọ̀tá, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ á máa retí rẹ̀. Ó lè pé ọdún mẹ́wàá, wọn ò ní gbàgbé. Ọjọ́ tó bá wọlé, wọ́n á figbe ta, gbogbo ara á dìde. Ìjà náà lẹ rí tó ń wú yẹn. Èèwọ̀ ara ni."

"Ẹ̀jẹ̀ ń rántí?"

"Ó ń rántí ju èmi àti ẹ̀yin lọ."

"Súbúhánálááhì," ni Àlàájà wí, jẹ́jẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọ orúkọ sára irú ìgò yẹn. Wàláì, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wò ó dáadáa.

"Mi ò ní dán an wò lára Bùsírátù fúnra rẹ̀," ni ọ̀gá mi wí. "Ìgbà kẹta lè pa á. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí àwọn òyìnbó ti pa tì. A ó gba omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, bí ẹ̀kán omijé kan, a ó fi abẹ́rẹ́ fi í sábẹ́ awọ ẹlòmíì, ẹni tó ń jẹ àgbálùmọ̀ tí kì í ṣe é ní nǹkankan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, a ó kan èso náà sí wọn. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ojú ibẹ̀ á wú."

Láwàlì ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ìyá rẹ̀ gbá ọwọ́ náà sísàlẹ̀ bí ẹni lé eṣinṣin.

"Gbé tìẹ sílẹ̀! Apá ta ni wọ́n ní ó gbé májèlé? Apá yẹn náà ni kó wá jẹ́rìí."

"Ó léwu díẹ̀ o, Àlàájà," ni ọ̀gá mi wí. "Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ni. Màá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn ibà pọ́njú. Bí òòyì bá sì kọ́ yín, abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀."

"Ọ̀gá, èyí tí wọ́n ń sọ nípa mi ní Kémta léwu jù ú lọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àlàájì Sàlàhúdíìnì mú ọmọ rẹ̀ wá. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó ń ta ẹní ìkírun àti tẹ̀sùbáà ní Ìjemọ̀, fìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà dúró ṣánṣán. Mo ti múra láti kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá mi ń fa ẹ̀jẹ̀, mo rí i tó di èjìká ọmọ yẹn mú, tó ń fi fìlà rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú.

"Ẹ gbà á, kí ayé lè rí i," ló wí. "Èmi ni mo jókòó tì í lóru ọjọ́ yẹn. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹni tí kò gbọ́ ọ kò lè bá mi sọ̀rọ̀ sùúrù. Jímọ̀ ò yẹ̀."

Bùsírátù gbé orí sókè. Ó kàn fi ojú wá ọkọ rẹ̀, ó rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó tún wolẹ̀.

Ní Túsìdeè, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ náà ti yege, Àlàájà na apá òsì lórí tábìlì wa. Ọ̀gá mi fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fi omi ẹ̀jẹ̀ Bùsírátù sí ojú ibi méjì, ó fi bírò kọ B sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó wá yíjú sí mi.

"Túbọ̀sún, ká apá aṣọ ẹ sókè."

"Èmi? Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkankan, ìdí tí mo fi fẹ́ tìẹ nìyẹn. A nílò ẹ̀jẹ̀ tí kò bá àgbálùmọ̀ jà, ká lè fi wé ti Bùsírátù."

Bí wọ́n ṣe gba tèmi náà nìyẹn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi sí ojú ibi kẹta, wọ́n kọ T sí i. Àlàájà wò ó. "Ọkùnrin àjèjì lápá mi, nígbà tí mo ti dàgbà yìí. Túbọ̀sún, hùwà ọmọlúàbí níbẹ̀ o."

Tọ́sìdeè dé. Gbogbo wọn pé sí yàrá wa: Àlàájà, Láwàlì, Àlàájì àti Bùsírátù. Àlàájà gbé àgbálùmọ̀ mẹ́fà dání tó já ní ìdájí láti orí igi ẹ̀yìnkùlé yẹn gan-an, ìrì ṣì wà lára wọn. Ọ̀gá mi fọ ọwọ́, ó tẹ́ aṣọ funfun. Ó mú ọ̀bẹ, ó bó àgbálùmọ̀ kan bí ẹni bó ọsàn fún bíṣọ́ọ̀bù, ó da èèpo sínú korobá ìdọ̀tí, ó fi síbí ha ẹran inú rẹ̀, ó fún omi rẹ̀ sínú ìgò. Ó kán ẹ̀kán kan sí B àkọ́kọ́, ẹ̀kán kan sí T, ó fi orí abẹ́rẹ́ gún ojú wọn fẹ́rẹ́. B kejì, ó fi í sílẹ̀, ó ní kí ó máa dúró de ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ó wo aago. A sún mọ́ tábìlì.

Ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí nǹkan. Mẹ́wàá. Àlàájà ò ṣẹ́jú, ó ń wo apá rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ kó dìde rìn. Ogún. Ọgbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ń sùn. Ẹ̀jẹ̀ Bùsírátù náà ń sùn.

"Ó ti tó," ni Àlàájì wí. Kò pariwo. Ìbá ṣe pé ó pariwo ni, ìbá sàn. "Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́. Abẹ́òkúta náà ti sọ ọ́. Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀." Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Jẹ́ ká lọ kí ìrun Àílà, ká máa lọ ilé."

Omi ti dà lójú Bùsírátù, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí abẹ́ igi tí àwọn Mùsùlùmí ti máa ń kírun lẹ́yìn ilé wa. Ọ̀gá mi jókòó, ó sin ojú sínú ìwé. Láwàlì jáde lọ dúró lóòrùn. Àlàájà dìde, ó tún jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ ò jẹun láti àná," ni mo wí fún un.

"Túbọ̀sún, fi mí sílẹ̀ kí n sinmi díẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Rédíò ní aago kan ti lù. Mo yí i sókè díẹ̀, iṣẹ́ mi kúkú ni. Láti ibi tí mo wà, mò ń rí Àlàájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àgbálùmọ̀ tó ṣẹ́ kù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ebi ṣẹ́gun ìbànújẹ́, bí í ti í ṣe. Ó mú ọ̀kan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún un títí tó fi rọ̀. Ó gé orí rẹ̀ jẹ, ó fa omi inú rẹ̀ mu, ó mú kóró pọ́n lá. Lẹ́yìn náà ló wá ju èèpo sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, káṣá-káṣá, títí tó fi di ṣíngọ́ọ̀mù. Omijé ń wá, ẹnu ń lọ. Ìròyìn ìlú òkèèrè ti parí, wọ́n ti bọ́ sórí eré bọ́ọ̀lù, mo sì ti fẹ́ máa gbọ́ iye góòlù, nígbà tó pè mí.

"Túbọ̀sún."

"Mà?"

"Apá mi ń pè mí."

Mo ní ìbànújẹ́ ti dé ọpọlọ ìyá yìí. Mo jáde sí i. Ó na apá rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí nǹkan láyé. Mo rí ọdún tí odò Ògùn kún wọ ilé tí ìbùsùn léfòó. Mi ò rí irú èyí rí. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀kán omi kankan. Níbi tí wọ́n kọ B sí, lójú méjèèjì, awọ náà ń dìde. Ó ń dìde lójú mi báyìí, ó funfun láàárín, pupa yí i ká, ó tó ojú aago ọwọ́. Ẹnu ló jẹ ẹ́, apá ló dáhùn. Ibi tí wọ́n kọ T sí tẹ́jú pẹrẹsẹ.

"Ọ̀gá!" Mi ò mọ̀ pé ohùn mi lè dé ibẹ̀. "Ọ̀gá o!"

Ọ̀gbẹ́ni Theophilus jáde, ó rí apá náà, ó kúnlẹ̀. Ọmọ olùkọ́ ìjọ, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, níwájú ìyá alábọ́, ó ń wo apá náà bí ẹni ń wo oṣù tuntun.

"Kí lẹ jẹ, Àlàájà?"

"Àgbálùmọ̀ yín yìí náà ni."

"Ṣùgbọ́n òun náà ni mo kán sí i! Igi kan náà!"

"Igi kan náà ni."

"Báwo lẹ ṣe jẹ ẹ́?"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́?" Ó tu ṣíngọ́ọ̀mù náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí i. "Mo fún un, mo mu ún, mo jẹ èèpo rẹ̀."

Ọ̀gá mi wo ṣíngọ́ọ̀mù náà. Ó wẹ̀yìn, síhà yàrá wa, síhà korobá ìdọ̀tí. Àlàájà tọ ojú rẹ̀ lọ, ó rí korobá náà, ó rí èèpo inú rẹ̀, ó dìde dúró.

"Ẹ da èèpo nù?"

"Mo... mo fi síbí ha inú rẹ̀ ni, mà."

"Síbí!" Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi yọjú. "Yà Ọlọ́hun! Wọ́n fẹ́ fi síbí tú ilé mi ká! Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ ń fi síbí jẹ àgbálùmọ̀! Ta ló bí yín?"

"Olùkọ́ ìjọ ni, mà," ni mo bá a dáhùn. Kò yẹ kí n sọ ọ́.

Ariwo yẹn ló gbé Àlàájì Sàlàhúdíìnì dé, bàtà rẹ̀ kan lọ́wọ́, Bùsírátù àti Láwàlì tẹ̀ lé e. Ó rí apá náà. Ó wò ó pẹ́. Ọ̀gá mi dìde, ó rọra bi í: "Àlàájì, nílé yín, ṣé Bùsírátù máa ń jẹ èèpo àgbálùmọ̀?"

"Nílé mi? Kò sẹ́ni tó ń jẹ èèpo nílé mi. Mi ò fẹ́ kí ọmọbìnrin máa pa ẹnu káṣá-káṣá bí ewúrẹ́. Wọ́n á mu inú rẹ̀, wọ́n á da èèpo nù. Òfin ni."

"Bàbá," ni Bùsírátù wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. "Mo máa ń jẹ ẹ́ níléèwé, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ètè máa ń yún mi. Mi ò lè sọ fún yín, torí ẹ ti ní ká má jẹ ẹ́."

"Ta ló wá ń fún ọ lẹ́yìn ìgbéyàwó?"

Àlàájà ló dáhùn. Gbogbo yẹ̀yẹ́ ti kúrò lójú rẹ̀.

"Èmi ni. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di ṣíngọ́ọ̀mù dáadáa, mo bá kọ́ ọ. Nígbà méjèèjì yẹn, èmi ni mo yan èyí tí èèpo rẹ̀ nípọn fún un." Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. "Àna, ẹ jàre. Ọwọ́ mi náà ló fún un."

Rédíò ń kọrin lẹ́yìn wa, mi ò mọ orin tí wọ́n ń kọ. Àlàájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀ kejì, ó pẹ́ nídìí bàtà yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó gbórí sókè, ojú rẹ̀ ti tutù.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi," ló wí. "Ká ní òfin mi ò le tó yẹn ni, ọmọ ìbá ti sọ fún mi láti kékeré pé ètè ń yún òun." Ó wá yíjú sí ọ̀gá mi, ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè. "Ojú mi ti rí i. Ṣùgbọ́n oníyèméjì ni mí. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi sí tèmi náà, kí ara mi gbọ́ ọ."

Ó fi ẹnì kan ránṣẹ́ sí lèmọ́mù pé kí wọ́n má wulẹ̀ jókòó de òun ní Jímọ̀. Ní Sátidé, ó padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, Àlàájà ló gún èèpo náà fúnra rẹ̀ nínú odó kékeré wa, ó ní kò sí ẹni tó máa tún fi síbí ṣe é. Wọ́n kán omi ẹran rẹ̀ sí ojú kan lápá Àlàájì, wọ́n kán omi èèpo sí èkejì. Ti ẹran dákẹ́. Ti èèpo, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ó ti wú bí búrẹ́dì.

Bàbá náà ń fi ìka kan yí i ká, kò fẹ́ fọwọ́ kàn án gan-an. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi nìyí," ló ń wí. "Ó ti kúrò lára rẹ̀, ó wà lára mi, ó ṣì mọ ọ̀tá rẹ̀. Alíhámúdùlíláì. Ta ló kọ́ ọ?"

Ọ̀gá mi gbé rúlà, ó wọn ibi tó wú náà, ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni Bùsírátù padà sí Kémta. Àlàájà mú un rìn gba àárín ọjà kọjá, òun fúnra rẹ̀ ká apá aṣọ sókè, ó ń na apá fún gbogbo ayé: "Ẹ wá wo ẹlẹ́rìí mi!" Mo gbọ́ pé ó ta abọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá mi di èèpo tútù sínú fíláàsì pẹ̀lú yìnyín, ó fi ẹ̀jẹ̀ Bùsírátù tì í, ó kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin sí Lọ́ńdọ̀nù. Ojú ewé kan gbáko ló fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń jẹ àgbálùmọ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ, mo sì rí ibi tó ti jẹ́wọ́ síbí rẹ̀. Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni èsì dé. Ápù, òdo. Ẹyin, òdo. Àwọn tó kù, òdo. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ti fi ọwọ́ kọ ìlà tuntun kan sí i, àgbálùmọ̀, èèpo, iye tó wà níwájú rẹ̀ sì ga ju èyí tí mo ti kọ sínú ìwé wa rí. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti òkèèrè dé, àwọn á máa kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ọ̀gá mi kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sì sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìwé yẹn tó dé, ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn Sátidé yẹn, Àlàájà tún ti ilẹ̀kùn wa wọlé láìkàn án.

"Mo ṣẹ̀," ló wí. "Mo ti ní n kò ní jẹ ẹ́ mọ́ nínú ilé, nítorí ìyàwó mi. Àná, níta ọjà, ọwọ́ mi yá. Mo fi èèpo kan ṣoṣo kan ẹnu." Ó ká apá aṣọ sókè. Ojú B méjèèjì pọ́n díẹ̀, bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. "Ó yún mi! Ó ṣì wà níbẹ̀! Ìyàwó mi ń bá mi wí láti inú apá mi!"

"Á lọ láìpẹ́, mà," ni ọ̀gá mi wí. "Àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn ò ní pẹ́ kú, àlejò ni wọ́n."

Inú rẹ̀ bàjẹ́ sí i, ẹ̀yin ẹ wò ó. "Ṣé ẹ ò lè fi díẹ̀ sí i? Kó kàn máa ṣọ́ mi títí àkókò àgbálùmọ̀ fi máa kọjá?"

Ọ̀gá mi kọ̀ ọ́. Àlàájà fi ọwọ́ bo ojú B, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn.

Mo wá ń jowú díẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. "Ìyá, T ńkọ́? Tèmi ò tilẹ̀ yún yín díẹ̀?"

Ó wo apá rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Túbọ̀sún," ló wí, "ìwọ ò tilẹ̀ kí mi."